Ta ni "ìwọ" inú orin náà? Bí a ṣe ń tú orin rọ́ọ̀kì tí olórin ti ń bá ara rẹ̀ jà

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ orin "Hurt" nínú yàrá mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta ló ṣẹ ọ̀gbẹ́ni yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè náà kò burú. Bí a ṣe tọ́ wa láti máa gbọ́ orin nìyẹn. Bí obìnrin kan bá dá orin nídìí ọlọ, ẹni tó gbọ́n nínú agbo ilé á ti mọ èyí tí orin náà ń bá wí nínú àwọn orogún rẹ̀. Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá ń fi àwo orin fèsì fún ara wọn, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn olólùfẹ́ fújì ń wá kiri, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ni wọ́n ń wá.

Etí yìí gan-an ni "Hurt" máa ń dà rú. Olórin ń pe ẹnì kan ní ìwọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ó tún ń ṣèlérí pé òun yóò ṣe é léṣe. Ẹ ó wá ẹni náà títí, ẹ kò ní rí i lóde, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olórin náà ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìjà. Orin yìí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń tú irú orin bẹ́ẹ̀. Ẹ mú bírò aláwọ̀ méjì àti ìwé kan sọ́dọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ gbọ́ ọ láìwo ọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹ má tíì wá ọ̀rọ̀ orin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ki íápíìsì bọ etí, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí Trent Reznor kọ fún Nine Inch Nails, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1994 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ ó gbọ́ ariwo kan bí afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà jìtá tó ń ta ohùn tí kò bára wọn rẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ègbè dé, ohùn náà ga. Lópin, ariwo jìtá kan já lulẹ̀ lójijì, ó le, ó rorò, ó sì ń hó lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu olórin ti dákẹ́.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀: ibi tí ohùn ti rẹlẹ̀, ibi tó ti ga, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ tán. Ìkẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn orin náà jọ ọ̀rọ̀ ìrètí: bí òun bá lè tún bẹ̀rẹ̀, níbi tó jìnnà réré, òun yóò pa ara òun mọ́, òun yóò wá ọ̀nà. Ẹni tó kà á lórí ìwé yóò ní ọkùnrin náà ti pinnu láti yí padà. Àmọ́ orí ọ̀rọ̀ "ọ̀nà" yẹn gan-an ni ariwo náà já lé. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídùndún rí mọ̀ pé ẹnu olórin lè máa sọ nǹkan kan kí ìlù máa sọ òmíràn, àwọn tó gbọ́ ìlù á sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Ariwo yẹn ni ìlù tiwọn. Ẹ fi àmì sí i, a ó padà wá bá a.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ọwọ́ ara yín dà á kọ

Nísinsìnyí ẹ lè ṣí ọ̀rọ̀ orin náà, àmọ́ ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ fi ọwọ́ dà á kọ, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi ohun tí ẹ ń gbọ́ yẹ ohun tí wọ́n kọ wò, nítorí àṣìṣe pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń wí ní gbólóhùn kúkúrú, láìtíì túmọ̀ ohunkóhun.

Tèmi lọ báyìí. Ìpín kìíní: ọkùnrin kan ṣe ara rẹ̀ léṣe láti mọ̀ bóyá nǹkan ṣì ń dun òun, abẹ́rẹ́ wọlé, ó fẹ́ pa ìrántí rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń rántí. Ègbè: ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dùn jù léèrè ohun tí òun ti dà, ó ní gbogbo ẹni tí òun mọ̀ ló ń lọ níkẹyìn, ó ní kí ọ̀rẹ́ náà gba gbogbo ìjọba òun, ìjọba ìdọ̀tí, ó ní òun yóò já a kulẹ̀. Ìpín kejì: ó dé adé ẹ̀gbin, ó jókòó sórí àga òpùrọ́, èrò rẹ̀ ti fọ́, kò ṣeé tún ṣe, ó ní ìwọ ti di ẹlòmíràn, èmi ṣì wà níbí. Ègbè tún padà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "bí mo bá lè tún bẹ̀rẹ̀".

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya "èmi" sọ́tọ̀, kí ẹ ya "ìwọ" sọ́tọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo èmi, kí ẹ fi búlúù fa sábẹ́ gbogbo ìwọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni pé kò sí búlúù kankan nínú ìpín kìíní. Ó dá nìkan wà níbẹ̀. Ìgbà tí ègbè dé ni ìwọ yọjú, orúkọ tó sì bá wọlé ni ọ̀rẹ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sọ fún wa bóyá ẹnì kan ni tàbí ogún, bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé. Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹ yan ìwọ tàbí ẹ̀yin kó tó jẹ́ kí ẹ kọjá. Bó ti pè é ní ọ̀rẹ́, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, ìwọ ni. Ó kù kí a mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹni tó lè jẹ́ sílẹ̀, kí ẹ wá máa fi wọ́n rọ́pò ìwọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, títí ìlà kan yóò fi kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi olólùfẹ́ ṣáájú. Mo máa já olólùfẹ́ mi kulẹ̀, mo máa dun olólùfẹ́ mi. Ó wọlé. Olólùfẹ́ mi ti di ẹlòmíràn, èmi ṣì wà níbí. Èyí náà wọlé, bí ẹni tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lọ. Kò sí ìlà tó kọ̀ ọ́, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa ìpín kìíní. Abẹ́rẹ́ àti ọgbẹ́ yẹn kàn dúró síta bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Ẹnì kejì, oògùn olóró. Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún lè pè é ní ọ̀rẹ́ tó dùn jù, kó sì gbé gbogbo ohun tó ní fún un. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Àmọ́ "mo máa dùn ọ́" ńkọ́? Báwo ni èèyàn ṣe ń dun oògùn? Ìlà yẹn kọ̀. Ẹ má tètè jù ú nù o, ẹ kọ́kọ́ yí ẹnu padà. Ẹ jẹ́ kí oògùn ni èmi, kí ọkùnrin náà jẹ́ ìwọ, kí ẹ sì ka ègbè náà sókè. Oògùn ní, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ń lọ níkẹyìn. Oògùn ní, mo máa já ọ kulẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á báyìí, ara mi bù máṣọ. Ní irú orin yìí, èmi àti ìwọ lè pààrọ̀ ìjókòó láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ní 1995 pàápàá, nígbà tí David Bowie, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Reznor jọ ń rìn kiri ṣeré, àwọn méjèèjì jọ kọ orin yìí lórí ìtàgé, ẹnu méjì sì ń pín èmi kan ṣoṣo láàrin ara wọn.

Ẹnì kẹta ni òun fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi àná ti di ẹlòmíràn, èmi òní ṣì wà níbí. Mo máa dun èmi. Ẹ wò ó dáadáa: ìlà àkọ́kọ́ orin náà ni ó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ìwọ bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀, ìlérí inú ègbè àti ọgbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ di ìṣe kan náà, orin náà sì di odindi. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn. Mi ò mú un torí pé ó jinlẹ̀ ju ìyókù lọ. Òun ló fi ìlà tó kéré jù sílẹ̀ lóde, òṣùwọ̀n tí mo sì ń lò fún gbogbo orin nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tú u sí Yorùbá, bó tilẹ̀ le

Kì í ṣe kí ẹ lè kọ ọ́ lórin. Ìtumọ̀ máa ń fipá mú yín yan ohun tí èdè kejì fi pamọ́.

Ẹ mú ìjọba ìdọ̀tí yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ní níbẹ̀, àwa ní méjì ó kéré tán: ìdọ̀tí àti erùpẹ̀. Ìdọ̀tí ni ohun tí à ń gbá dànù. Erùpẹ̀ ni ohun tí Jẹ́nẹ́sísì ní a ti wá, tí a ó sì padà sí. Ní ẹnu ọ̀dọ́kùnrin tó ń kórìíra ara rẹ̀, ìdọ̀tí ni mo yàn. Ẹ kọ èyí tí ẹ yàn, kí ẹ sì fi èkejì sínú àkámọ́; ó lè wúlò lọ́la.

Adé náà gba ìṣọ́ra, torí adé kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ létí wa. A gbọ́ adé, ọkàn wa ti lọ sí ìlẹ̀kẹ̀, sí ìbòjú, sí kábíyèsí. Nínú orin yìí, yẹ̀yẹ́ ni adé náà, ẹ̀gbin ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọlá Yorùbá wọnú rẹ̀, ẹ ti ba ìlà náà jẹ́.

Nígbà mìíràn sì rèé, èdè wa a máa fúnni lẹ́bùn. "Mo ṣe ara mi léṣe": ara mi ni èmi fúnra mi, ara mi náà sì ni ẹran ara mi. Gẹ̀ẹ́sì kò mẹ́nu kan ẹran ara níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe gan-an ni pé ó ń fi ẹran ara wádìí bóyá òun ṣì wà. Ẹ tún wo dùn. Ọ̀rẹ́ tó dùn, àti ohun tó dùn mí: ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà lórí rẹ̀, oyin àti ìrora nínú rẹ̀. Gbogbo orin náà wà nínú sílébù kan yẹn. Ẹ wá wo ìlà tó ṣáájú èyí tí ariwo já lé: "n ó pa ara mi mọ́." Bí mọ́ bá yọ kúrò, kí ló kù?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn dẹ́rù bà mí débi pé mo gbé bírò sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a jẹ́ olóòótọ́: Reznor kò mọ mọ́, kò sì mọ dùn. Ohun tí èdè wa rí ni, kì í ṣe ohun tí ó kọ. Ẹ kọ irú rẹ̀ sí ojú ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹ má baà pè é ní èrò olórin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo ibi tí orin náà jókòó sí

Àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀ ni The Downward Spiral, tó jáde ní oṣù kẹta 1994. Orin 14 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì so pọ̀ bí ìtàn ọkùnrin kan tó ń já gbogbo ohun tó so ó mọ́ ayé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé orí orin kẹtàlá, èyí tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà, níbi tó ti fi ìbọn kọjú sí ara rẹ̀. "Hurt" ni ìkẹrìnlá. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀? Ṣé òkú ni? Ṣé èrò ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni? Ṣé ẹni tí kò kú ni? Ẹni tó gbọ́ orin náà nìkan, láìgbọ́ àwọn mẹ́tàlá tó ṣáájú, kò ní bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí láé.

Ìtàn ìgbésí ayé olórin ńkọ́? Ẹ lò ó bí iyọ̀. Òótọ́ ni pé ọtí àti oògùn olóró di wàhálà fún Reznor, ó sì jáwọ́ nínú wọn ní 2001. Àmọ́ ọdún bíi méje ló wà láàrin àwo yẹn àti ìgbà tó jáwọ́. A kò lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ṣe kọ́kọ́rọ́ ohun tó ti kọ ṣáájú. Èmi inú orin kì í ṣe ẹni tó ń kọrin. Nígbà tí eégún bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní máa pe orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ.

Nǹkan kan tún wà tí n ó sọ nítorí ẹni tó bá ń ka èyí lóru. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ irú orin yìí ni pé ẹ̀yin náà ti ń ṣe ara yín léṣe, tàbí ẹ ń rò ó, ẹ gbé ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ pe ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé tàbí kí ẹ lọ rí dókítà. Orin yóò dúró dè yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e sí ẹnu ẹlòmíràn

Bí ẹlòmíràn bá ti kọ orin náà rí, ẹ wá tirẹ̀. Ní 2002, Johnny Cash, olórin kọ́ńtírì ọmọ Arkansas tí wọ́n bí ní 1932, kọ "Hurt" sínú àwo tí Rick Rubin bá a ṣe. Ó ti ń lọ sí 71 ọdún, ìlera rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan ló pààrọ̀: adé ẹ̀gbin di adé ẹ̀gún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹta padà, kí ẹ sì wo iye nǹkan tó ti yí.

Adé ẹ̀gún ni wọ́n fi dé Jésù lórí, onígbàgbọ́ paraku sì ni Cash. Bẹ́ẹ̀ àga tó jókòó sí ṣì ni àga òpùrọ́. Nítorí náà ìjà inú orin náà di òmíràn: ọkùnrin kan tó rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń jìyà tó ga, tó sì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé irọ́ wà lọ́wọ́ òun. Abẹ́rẹ́ náà lè jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Ìdọ̀tí di erùpẹ̀. Ẹ lọ gbé e jáde kúrò nínú àkámọ́. "Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ń lọ níkẹyìn": lẹ́nu ọ̀dọ́, wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, lẹ́nu arúgbó, wọ́n ń kú tán ni.

Olólùfẹ́ tí a fi sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta ńkọ́? Nínú fídíò tí Mark Romanek ṣe fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, June Carter, ìyàwó Cash, dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń kọrin. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ gbọ́ "ọ̀rẹ́ mi tó dùn jù" nígbà tí ẹ bá ń wo ojú obìnrin yẹn, kí ẹ wá sọ fún mi pé oògùn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, June kú. Ní oṣù kẹsàn-án, Cash náà kú. Dùùrù ló sì ń lu ohùn kan náà léraléra lópin tirẹ̀, tó ń ga sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, kò sí ariwo tó já lulẹ̀. Ohùn náà kàn dúró. Nítorí ìyẹn, mo gba ìrètí Cash gbọ́ ju ti Reznor lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Reznor alára, nígbà tó rí fídíò náà, ní orin náà kì í ṣe tòun mọ́.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin

Ẹ má kọ àpilẹ̀kọ. Gbólóhùn mẹ́rin tó: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń jà sí, ìlà wo ni kò gbà. Tèmi fún ti Reznor: ọkùnrin kan tó ti pa ara rẹ̀ run ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ oògùn máa ń gba ẹnu rẹ̀ nínú ègbè. Wọ́n ń jà sí bóyá nǹkan kù tó ṣì yẹ kí a pa mọ́. Ìlà tí kò gbà ni "gba gbogbo rẹ̀": kí ni èèyàn ń fi ìjọba ta ara rẹ̀ lọ́rẹ fún? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìlà kankan kò bá kọ ìtumọ̀ yín, ẹ tún un gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti di etí sí ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ẹ fi orin náà lọ ẹnì kan tí kò bìkítà fún rọ́ọ̀kì. Mo fi ti Cash lọ ẹ̀gbọ́n mi, láìsọ pé orin ọjọ́sí ni. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò béèrè ẹni tó ṣẹ ẹ́.

"Bàbá yìí," wọ́n ní, "ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Láti 2003."

Wọ́n ju òkúta wẹ́wẹ́ kan dànù láti inú ẹ̀wà. "Ìyàwó wọn ńkọ́?"